Ariwo Inú Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ mi kì í sì í tètè ṣí mọ́. Ọmọ tó ń tún un ṣe ní Wuse ní kí òun tún Windows fi sí i. Ṣé kí n gbà?
— Ìyá Bọ́lá, Kubwa, Àbújá

Ẹ má gbà o, Màmá. Windows jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kì í dún! Inú hard disk ni kọ̀ǹpútà ń kó fọ́tò pa mọ́ sí. Awo inú rẹ̀, tó sábà máa ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ni orí tó ń kà á kò rí kà mọ́. Disk yín ti ń kú lọ. Ẹ kó fọ́tò sórí disk mìíràn lónìí, ti ìgbéyàwó ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Bí kò bá ṣí, ẹ pa á, ẹ má ṣe máa tàn án wò. Windows tuntun lè kọ nǹkan lé fọ́tò yín lórí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra disk mìíràn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní SSD ni kẹ́ ẹ rà. Kò ní awo, àmọ́ tòun bá fẹ́ kú, kì í pariwo.