Kí lo fẹ́ ṣe?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Manchester la wà. Lóṣù Kejìlá a ń lọ kí màmá mi l'Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ní Dungeons & Dragons lòun àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa jọ ṣe, eré ìtàn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe akọni kan, tí wọ́n ń ju dáìsì láti mọ ohun tó bọ́ sí i, kí èmi sì darí rẹ̀. Méje ni gbogbo wọn. Mi ò darí irú ẹ̀ rí, ìwé òfin rẹ̀ sì ki bíi Bíbélì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Bàbá Tèmítọ́pẹ́

Ìdáhùn
Bàbá Tèmítọ́pẹ́, ẹ kú ìmúra. Èmi náà ṣe é lọ́dún tó kọjá nílé àwọn ọkọ mi ní Ìtọ́kò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dàrú, ẹ̀bi mi sì ni. Mo ti kọ ìtàn kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú ìwé mẹ́sàn-án gbáko. Wọ́n dé etí odò Ògùn, níbi tí mo gbé òmìrán dúró dè wọ́n lórí afárá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní òun ò gba orí afárá, òun á bẹ apẹja kó fi ọkọ̀ gbé àwọn kọjá. Mo ní kò sí apẹja. Ó wò mí: "Lódò Ògùn, Mọ́mì?" Mo pa ìwé dé.

Àlọ́ ló ṣì mí lọ́nà. Ẹni tó ń pàlọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìjàpá máa já sí. Ẹni tó ń darí eré yìí ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Wàhálà ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kí àwọn ọmọ wá ọ̀nà àbáyọ. Lọ́jọ́ kejì mo kàn sọ pé ọmọ ogun Dàhòmì ti dé ẹ̀yìn odi bíi ti 1851, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ìlú ti sá sábẹ́ Olúmọ. Oúnjẹ ọjọ́ méjì ló kù. Ẹnìkan láàárín wa ń tú àṣírí fún ọ̀tá. Kí lo fẹ́ ṣe? Ìbéèrè yẹn ni gbogbo eré náà. Ẹ máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ síkọ̀rọ̀.

Ní ti òfin, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó yín. Ọmọ á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ẹ ó dá iye tó gbọ́dọ̀ dé kó tó rí i ṣe: 10 bó bá rọrùn, 15 bó bá le díẹ̀, 20 bó bá le gan-an. Ó ju dáìsì olójú ogún, ó fi àfikún tí akọni rẹ̀ ní sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá kùnà, ẹ má kàn ní "kò ṣeé ṣe", eré á dúró gbagidi. Ẹ lè ní ilẹ̀kùn ṣí, àmọ́ ó han, ẹ̀ṣọ́ sì gbọ́.

Méje pọ̀, ẹ pín wọn sí mẹ́ta àti mẹ́rin. Ẹ ti ṣètò akọni kọ̀ọ̀kan sórí bébà láti Manchester, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ odidi ọ̀sán á lọ sí i. Bí wọ́n mú iná lọ, lántà á tó.

Ẹ kọ́kọ́ kó wọn gun Olúmọ. Ihò tí àwọn ará ìgbàanì ti ń lọ nǹkan ṣì wà lára àpáta níbẹ̀. Ọmọ mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tá a délé, ó ní akọni òun fẹ́ lọ ata síbẹ̀, kó dà á sójú ọ̀tá. Mo ní 15. Ó ju 17. Ariwo sọ!

Ẹ ṣàlàyé fún màmá yín ṣáájú o. Ìyá ọkọ mi gbọ́ "ẹ̀mí èṣù" lẹ́ẹ̀kan péré, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo yọ ọ́, mo fi ẹkùn rọ́pò. Lọ́jọ́ kẹta ìyá ọkọ mi fúnra wọn fa àga sún mọ́ wa, wọ́n ní oníyọ̀ tó wà nínú ìtàn wa làwọn fura sí, pé òun ni ọ̀dàlẹ̀. Èmi fúnra mi ò tíì mọ ẹni tí ọ̀dàlẹ̀ náà jẹ́. Mo bá fi ṣe oníyọ̀.