Páǹpù ọ́ìlì katakata: àtúnṣe ni àbí òmíràn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ ní iná ọ́ìlì Massey Ferguson 375 yín máa ń tàn tó bá ti gbóná, mẹkáníìkì sì ní kí ẹ ra páǹpù tuntun. Ẹ má tíì náwó o. Ẹ yọ sẹ́ńdà, ohun tó ń tan iná ọ́ìlì yẹn, kí wọ́n de géèjì gidi mọ́ ibẹ̀ nígbà tí ínjìnnì gbóná dáadáa. Sẹ́ńdà máa ń parọ́. Tí agbára ọ́ìlì kò bá dé 30 psi lórí géèjì nígbà tí ínjìnnì wà lórí eré kíkún, ọpọ́n ọ́ìlì di títú nìyẹn.

Ẹ wo asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì, bóyá ó ti dí. Ẹ wo fálífù tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, àti sípíríǹgì rẹ̀. Ìdọ̀tí bíńtín lè há a ní ṣíṣí, fífọ̀ lásán sì ni ìyẹn. Àmọ́ tí èékánná yín bá ń há sínú ojú ìlà tó wà lára ilé páǹpù, ẹ ra òdidi páǹpù tuntun. Mo fi sáńpépà ha ojú ìlà tèmi rí n'Ísànlú, lóko ní ọ̀sẹ̀ kejì ni iná tún tàn. Ọpọ́n ọ́ìlì yẹn wúwo, ẹsẹ̀ iwájú katakata so mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ tú u lẹ́ẹ̀mejì?

Kí wọ́n yẹ bẹ́ríńgì inú ínjìnnì wò pẹ̀lú. Tó bá ti jẹ, páǹpù tuntun ò ràn án. Kí wọ́n sì rọ ọ́ìlì sínú páǹpù kí wọ́n tó dè é.