Ṣé ọgbọ́n iṣẹ́ ni àbí ẹ̀tàn?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum Alfa wa. Súpáfáísọ̀ ni mí níbi tí wọ́n ti ń ṣe píọ̀wọ́tà n'Íbàdàn. Nígbà tí ooru mú tí ọjà ń yá, ọ̀gá ní kí n pe àwọn tó ń kó omi sí báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ fún oníkálukú pé àwọn yòókù ti gbà láti máa dúró di aago mẹ́wàá alẹ́ láìgba ófátáìmù, pé ẹbí kan náà ni wá, pé wọ́n á rí nǹkan gidi gbà tó bá di Iléyá. Mi ò tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fẹ́ni àkọ́kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró. Ọ̀gá fún mi ní bọ́nọ́sì. Iléyá ti lọ, kò sẹ́ni tó rí kọ́bọ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Wa alaykum salaam, àbúrò mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, jẹ́ n tètè sọ ìyẹn ná.

Kéèyàn bẹ òṣìṣẹ́ ò burú o, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ṣe é, ọjà ti pọ̀ jù", ẹni tó wù á dúró, ẹni tí kò wù kó máa lọlé. Àmọ́ ìwọ sọ pé gbogbo wọn ti gbà, ojú wá ń ti kálukú láti dá nìkan sọ pé rárá. Ìtìjú lo fi mú wọn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń kọjá lọ́jà, ó rí òkìtì oúnjẹ, ó tọwọ́ bọ inú ẹ̀, ló bá kan ibi tó tutù. Ó ní kí lèyí? Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ó ní kí ló dé tó ò gbé e sókè káwọn èèyàn rí i, ẹni tó bá tanni jẹ kì í ṣe ara mi. Ìwọ náà kó gbígbẹ sókè, o fi tútù sábẹ́.

O bi mí bóyá ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Kí ló dé tó jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lo pè wọ́n? Ó wà nínú hadíìsì pé ẹ̀ṣẹ̀ lohun tó ń dà ọ́ láyà rú tó ò sì fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀.

Ti Iléyá yẹn ló dùn mí jù. Obìnrin kan pe ọmọ ẹ̀ pé wá gba nǹkan, Ànábì bi í pé kí lo fẹ́ fún un, ó ní dàbínù. Ó ní ká ní o ò fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé o pa irọ́ kan. Ọmọdé nìyẹn o, dàbínù lásán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bàbá ọlọ́mọ tó ti ń fọkàn ṣírò owó àgbò. Má sì sọ pé ọ̀gá ló rán ẹ, a kì í tẹ̀ lé ẹ̀dá níbi ṣíṣẹ Ẹlẹ́dàá.

Astagfirullah nìkan ò tó, ẹ̀tọ́ èèyàn wà ńbẹ̀. Pe gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́tẹ̀ yìí, sọ òótọ́, tọrọ àforíjì, kó o sì lọ bá ọ̀gá pé kó sanwó ọjọ́ mọ́kànlá yẹn. Tó bá ní kò sówó, bọ́nọ́sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.