Ìbéèrè Yín Lórí Kẹ̀kẹ́: Ọrùn Háńdùlù Tó Ṣeé Yí

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mo ń gùn láti Lágéré lọ síbi iṣẹ́ mi ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kí n tó dé géètì, ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e á ti kú, ọrùn á sì máa ro mí. Ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní kí n ra ọrùn háńdùlù, ìyẹn irin tó so háńdùlù mọ́ ọ̀pá fọ́ọ̀kì iwájú, irú èyí tó ṣeé gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé owó mi ò ní ṣòfò?
Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Kò ní ṣòfò, bí ẹ bá fi wá ibi tó rọ̀ yín lọ́rùn. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ìjókòó wò. Bí imú ìjókòó bá dorí kodò, ara á máa yọ̀ síwájú, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò sì gba gbogbo ìwúwo yẹn. Háńdùlù á wá máa tẹ iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ìka méjèèjì tí ẹ dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí ìjókòó tẹ́jú. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá fi háńdùlù ṣáájú èyí, ẹ ó tún padà wá tú u ni.

Bí ọwọ́ ṣì ń kú, ẹ wá ra ọrùn náà. Bó bá jẹ́ pé síkúrù méjì ni ọrùn fi gbá ọ̀pá fọ́ọ̀kì mú láti ìta, ọ̀pá náà sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 28.6. Àárín háńdùlù sì sábà máa ń jẹ́ 25.4 tàbí 31.8, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ sọ́jà. Háńdùlù 25.4 kò lè dì nínú ọrùn 31.8, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi páànù agolo wé e. Yóò yí mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi agbára tẹ bíréèkì.

Bí ọrùn yìí bá ṣe ń gòkè ló ń padà sẹ́yìn. Ẹ mú ọrùn tó gùn tó mìlímítà 110. Láti ibi òdo dé dígírì 30, háńdùlù á gòkè ní bíi mìlímítà 55, á sì padà sẹ́yìn ní bíi 15. Ní dígírì 60, á gòkè tó 95, á padà sẹ́yìn ní 55. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn: orúnkún á máa sún mọ́ háńdùlù, taya iwájú á sì fúyẹ́ lórí òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20, ẹ máa fi 10 kún un, kí ẹ gun ọ̀nà kan náà fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún un yí.

Ẹ fi Allen key tú síkúrù ìgun, èyí tó di oríkèé ọrùn náà mú, títí eyín inú oríkèé yóò fi yà kúrò lára ara wọn. Bí ẹ bá fagbára yí i nígbà tí eyín ṣì kanra, wọn á jẹ ara wọn, ọrùn á sì máa já wálẹ̀ bí ẹ bá kó sí kòtò. Ẹ jẹ́ kí eyín wọ inú ara wọn dáadáa kí ẹ tó dì í. Ọwọ́ bíréèkì á ti kọjú sókè báyìí. Ẹ tú ojú ọrùn tó gbá háńdùlù mú, ẹ yí háńdùlù padà kí ọrùn ọwọ́ yín lè tọ́. Síkúrù orí, èyí tó wà lókè ọ̀pá fọ́ọ̀kì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, wẹ́rẹ́ báyìí, kí ẹ tó di méjì ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn: bó bá ń dún kọ̀kọ̀, ẹ tú ti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún ti orí fà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí háńdùlù dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì. Bí wáyà bíréèkì bá le gan-an, ó ti kúrú nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní tiwa, bí ẹ bá ti rí ibi tó bá yín lára mu, ẹ ra ọrùn tí kì í yí, tó ní gígùn àti ìgun kan náà. Ó fúyẹ́ jù, kò sì ní oríkèé tó lè tú. Bí ẹ ò bá rí irú rẹ̀ rà, ẹ máa yẹ síkúrù ìgun wò lóṣooṣù.

Ìbéèrè: Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ ti bàbá mi ni mo ń gùn. Inú ọ̀pá ni ọrùn rẹ̀ wọ̀, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Wẹ́dà ní òun á gé e, òun á sì jó irin mọ́ ọn kó lè gùn sí i.
Òǹkàwé, Iléṣà

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un. Iná wẹ́dà a máa sọ irin yẹn di aláìlágbára, ó sì lè kán láìfi àmì kankan hàn. Ẹ tú síkúrù orí rẹ̀ bí ìyípo mẹ́ta, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ fi igi lé e lórí, ẹ fi òòlù gbá a, kí irin tó há a nísàlẹ̀ lè já bọ́. Bí ìpẹtà bá ti dì í, ẹ rọ òróró sí i mọ́jú. Bí ẹ bá ń gbé e sókè, ẹ má kọjá ilà tí wọ́n fà sí i lára. Bí kò bá ní ilà, ó kéré tán kí ínṣì méjì àbọ̀ wà nínú ọ̀pá. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi gírísì pa á yíká, kó má baà tún lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.