Ta ló lẹ́nu níbẹ̀? Bí a ṣe ń ka ìtàn àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ìtànṣán

ÌBÉÈRÈ

Okun o, Dókítà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọsibítù kan ní ilẹ̀ Yàgbà. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun dá owó jọ kí a fi ra ẹ̀rọ CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà ní kí a ra sọ́fítíwíà kan mọ́ ọn, tí yóò máa kọ iye ìtànṣán tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, tí yóò sì máa kìlọ̀ bó bá pọ̀ jù. Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà. Wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ tó kún fún àwòrán àti ìtàn àwọn ọ̀gá wọn: ọ̀kan ti dá ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀ rí, ó sì tà wọ́n, ọ̀kan kàwé ní Harvard, ọ̀kan jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà báńkì pẹ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wa ti ń yọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Kí ni kí n wò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí sì ni kí n fojú fò dá?

ÌDÁHÙN

Okun o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sọ́fítíwíà yìí wà fún, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ irú èèyàn tó yẹ kó wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 2009, ọsibítù ńlá kan ní Los Angeles ṣàwárí pé ó lé ní igba (200) aláìsàn tó wá ya àwòrán ọpọlọ lórí ẹ̀rọ CT wọn tí ìtànṣán tí wọ́n gbà tó ìlọ́po mẹ́jọ iye tó yẹ. Wọ́n ti yí ètò ẹ̀rọ náà padà ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú. Ní gbogbo àkókò yẹn, iye ìtànṣán ń hàn lójú ẹ̀rọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí. Aláìsàn kan tí irun orí rẹ̀ ń re ló jẹ́ kí wọ́n wádìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé dandan ni kí wọ́n máa kọ iye ìtànṣán CT sílẹ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọjà sọ́fítíwíà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín gbilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá: àwòrán CT ikùn kan ṣoṣo lè tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìtànṣán inú X-ray àyà kan.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi irú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Nínú gbogbo àwọn tí àwòrán wọn wà níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bí nọ́ńbà kan kò bá tọ̀nà, tí yóò sì tún láṣẹ láti sọ pé ọjà yìí kò ní jáde títí yóò fi tọ̀nà? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ó burú tó bí ẹni tó mọ̀ kò bá lẹ́nu, ó sì burú tó bí ẹni tó lẹ́nu kò bá mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ra ilẹ̀ nílé wa: agbádá tó tóbi jù kọ́ lẹ̀ ń wá láàárín mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ tà á, ẹni tó lè bu ọwọ́ lùwé lẹ̀ ń wá.

Ẹ wá jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ físíìsì yẹn. Físíìsì pọ̀ jọjọ. Ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ọpọlọ rẹ̀ sì lè mú ju tèmi lọ, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó má dúró ti ẹ̀rọ CT rí láyé rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń wá ni onímọ̀ físíìsì ìṣègùn tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọsibítù, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìtànṣán ẹ̀rọ, tí àwọn dókítà ti pè ní òru rí pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ. Ní Amẹ́ríkà, American Board of Radiology ló ń fún wọn níwèé ẹ̀rí lẹ́yìn ìdánwò. Ní ìlú Ọba, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Health and Care Professions Council. Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi méjèèjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìwé náà bá wulẹ̀ sọ pé ó jẹ́ "mẹ́ńbà" ẹgbẹ́ kan, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tó yín. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń san owó ọdún ni mẹ́ńbà wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí kì í fura sí. Àwa onímọ̀ físíìsì ìṣègùn náà pín sí ẹ̀yà. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nídìí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, níbi tí a ti ń fi ìtànṣán tó lágbára pa kókó jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn wà nídìí àwòrán, ìyẹn CT, X-ray àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ kan lè ní ọ̀gá tó lo ogún ọdún nídìí jẹjẹrẹ, kí ìtàn rẹ̀ sì dùn-ún kà, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ CT ọmọdé jẹ́ àjèjì sí i. Èwo ni tiwọn ṣe? Ẹ bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ibi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí. Ṣé àárín àwọn ọ̀gá tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló wà, àbí ìsàlẹ̀, lábẹ́ "ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn"? Olùdámọ̀ràn tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n dára ní wíwò, àmọ́ ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń pè é. Kò ní àṣẹ kankan láti dá ọjà dúró.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe àṣejù. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Therac-25, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Kánádà kan ṣe fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ó kéré tán aláìsàn mẹ́fà ló fi ìtànṣán tó kọjá ààlà jó, àwọn kan nínú wọn sì kú. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà onírin àti oníwáyà tó ń dá ìtànṣán dúró bí nǹkan bá ṣìnà. Lórí èyí, wọ́n yọ ìdènà wọ̀nyẹn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé sọ́fítíwíà lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ sọ́fítíwíà ọ̀hún, kò sì sí ẹlòmíràn tó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn, èsì tí wọ́n ń gbà ni pé ẹ̀rọ náà kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1986, nílùú Tyler ní Texas, onímọ̀ físíìsì ọsibítù náà àti òṣìṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ náà jókòó tì í, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tún un tẹ̀, títí àṣírí fi tú: bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá yá jù nígbà tó ń ṣàtúnṣe ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀, orí ẹ̀rọ á dàrú, á kọ "Malfunction 54" sójú. Ìwé ìlò ẹ̀rọ náà kò sì sọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Onímọ̀ tó wà lọ́sibítù ló rí ohun tí àwọn tó ṣe é kò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé-iṣẹ́ náà gan-an, kí ó sì lẹ́nu níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ti ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà báńkì, mi ò ní kó má wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó mọ bí wọ́n ṣe ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ju gbogbo wa lọ, àkọsílẹ̀ aláìsàn sì nílò rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kan àwọn aláìsàn yín náà, nítorí náà ẹ bi í níbi tí àkọsílẹ̀ wọn yóò máa wà, orílẹ̀-èdè wo, ta ló sì lè rí i.

Ti Harvard, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹni tó ti dá ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀ tó sì tà wọ́n ló yẹ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yín rí i bí àmì àṣeyọrí, òótọ́ sì ni. Àmọ́ mo tún rí i pé ó ṣeé ṣe kó ta ẹ̀kẹta náà. Bí olówó mìíràn bá rà á, tó sì pa sọ́fítíwíà náà tì, ta ni yóò máa tún un ṣe fún ọsibítù kan ní Yàgbà? Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ náà, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn yín ṣì jẹ́ tiyín, wọ́n á sì kó o fún yín ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà.

Ṣé ẹ rí ọ̀gá tó ń bójú tó dídára ọjà àti òfin nínú ìwé náà? Ẹ kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìbéèrè yín, ó sì lè jẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Òun ló ń gba ẹ̀sùn, tó ń kọ àṣìṣe sílẹ̀, tó ń ránṣẹ́ sí gbogbo ọsibítù pé ẹ má lo apá báyìí mọ́ títí a ó fi tún un ṣe. Àwòrán irú wọn kì í sábàá wọ ìwé ìpolówó. Òfin Yúróòpù tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ìṣègùn ní ẹni pàtó kan, tó ní ìmọ̀ àti ìrírí tó tó, tí ìlànà òfin wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ISO 13485, ìyẹn ìlànà dídára fún àwọn tó ń ṣe ohun èlò ìṣègùn, bóyá wọ́n sì ń tẹ̀ lé IEC 62304, tó jẹ́ ìlànà fún kíkọ sọ́fítíwíà ìṣègùn. Bí wọ́n bá ń fa ọ̀rọ̀ gùn lórí ìbéèrè yìí, a jẹ́ pé ẹ ti rí èsì yín.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá onímọ̀ físíìsì náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í ṣe ẹni tó ń polówó. Ẹ bi í báyìí pé: nọ́ńbà tí ẹ̀rọ CT ń kọ sójú, ṣé òun gan-an ni ìtànṣán tó wọ ara ọmọ ọdún márùn-ún? Ẹni tó ń polówó yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò ní rárá, yóò sì ṣàlàyé pé inú ọ̀pá ike roboto ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà yẹn, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 fún orí tàbí 32 fún ara, pé ara ọmọdé kéré sí èyí ńlá yẹn, nítorí náà ohun tó wọ ara ọmọ lè ju ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ lọ dáadáa. Kí ẹ wá bi í bí sọ́fítíwíà wọn ṣe ń ṣàtúnṣe ìyẹn. Kò pọn dandan kí gbogbo èsì rẹ̀ yé yín. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ó ku ti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ kò lè lo ẹ̀rọ CT láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NNRA, àjọ tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, wọn yóò sì béèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ààbò ìtànṣán lọ́sibítù yín. Ẹni yẹn gan-an ni yóò máa ka ìkìlọ̀ tí sọ́fítíwíà bá ń ṣe, torí bí kò bá sẹ́ni tó ń kà á, tiyín kò ní yàtọ̀ sí ti Los Angeles. Ẹ yàn án nísinsìnyí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ya àwòrán. Ẹ wá onímọ̀ físíìsì ìṣègùn kan, ì báà jẹ́ láti Ìlọrin tàbí Abùjá, tí yóò máa wá yẹ ẹ̀rọ wò lóòrèkóòrè, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ìṣirò kí ẹ tó kọ̀wé padà sí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Bí owó kò bá lè tó sọ́fítíwíà àti onímọ̀ náà pọ̀, onímọ̀ ni kí ẹ mú. Ọ̀gá ààbò yín lè máa kọ nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ sínú ìwé ńlá kan fún ìgbà díẹ̀ ná, kí onímọ̀ náà máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá dé.