Kí ẹ tó san owó ẹgbẹ́ ní Seoul

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí ẹ wọ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn àjèjì ní ìtàn àti àṣà Kòríà nígbà tí ẹ bá dé Seoul láti wá kàwé: ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Ìwé wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí ọ̀fẹ́ ni.

Royal Asiatic Society Korea Branch ni mò ń sọ. Ọdún 1900 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Seoul, ẹ̀ka ẹgbẹ́ kan tó ti wà ní London láti 1823 ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìrọ̀lẹ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà sì lè wá jókòó gbọ́. Wọ́n tún máa ń kó èèyàn lọ wo ààfin, tẹ́ḿpìlì àti ìlú àtijọ́. Ìwé àtìgbàdégbà wọn, Transactions, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta ná, kí ẹ tó pinnu.

Apá kìíní ìwé náà, ti 1900, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. James Scarth Gale, míṣọ́nnárì ará Kánádà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ Ṣáínà ló mọ Kòríà bó ṣe rí. Homer Hulbert, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, dá a lóhùn, ó ń ka àwọn ohun tó jẹ́ ti Kòríà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì kú, ẹni tó bá ka ẹyọ kan níbẹ̀ yóò kàn máa gbè sẹ́yìn ẹnìkan láìmọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé púpọ̀ nínú àwọn tó kọ ìwé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, míṣọ́nnárì ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fojú rí ṣeé gbára lé ju ìdájọ́ wọn lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ka ohun tí irú wọn kọ nípa Ifá àti òrìṣà mọ bó ṣe máa ń rí.

Sípẹ́lì ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ẹ óò wá “Busan”, ìlú èbúté kan, nínú ìwé àtijọ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan, nígbà tí “Pusan” kún ibẹ̀ bámúbámú. Ìdí ni pé 1939 ni McCune àti Reischauer, ọ̀mọ̀wé méjì, gbé ìlànà tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ABC kọ èdè Kòríà jáde, nínú Transactions yìí kan náà, ìjọba Kòríà sì gbé tuntun kalẹ̀ ní 2000. Ṣáájú 1939, bí etí oníkálùkù bá ṣe gbọ́ ọ ló ń kọ ọ́. Lábẹ́ ìjọba Japan, láti 1910 sí 1945, ẹ tún lè rí Seoul gẹ́gẹ́ bíi Keijo. Nítorí náà, níbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ẹ dán K wò dípò G, T dípò D, P dípò B, Ch dípò J. “Eo” ti òde òní ni “ŏ” ti àtijọ́, “eu” sì ni “ŭ”. Joseon àti Chosŏn, orúkọ ìjọba àwọn ọba Kòríà àtijọ́, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀rọ tó ya àwòrán ìwé náà kì í sábà mú àmì orí lẹ́tà dáadáa, ẹ wá a láìsí àmì pẹ̀lú. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi ọdún wá a.

Ọdún náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kàlẹ́ńdà òṣùpá ni àkọsílẹ̀ Joseon ń lò. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ni wọ́n kọ pé àwọn ọmọ ogun Japan gúnlẹ̀ sí Busan ní 1592. Lórí kàlẹ́ńdà tiwa, 23 oṣù karùn-ún ni. Orúkọ ọba tó parí sí “jo” tàbí “jong”, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fi fún un. Nínú ọba 27 tó jẹ ní Joseon, Yeonsangun àti Gwanghaegun, tí “gun” wà nídìí orúkọ wọn, wọ́n rọ̀ wọ́n lóyè, ní 1506 àti 1623. Ẹ kò ní rí wọn ní Jongmyo, ilé tí wọ́n ti ń bọ ẹ̀mí àwọn ọba. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má rin àárín ọ̀nà olókùúta náà: ti ẹ̀mí ni.

Ní ti ààfin, Changdeokgung ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Gyeongbokgung lórúkọ jù, ọdún 1395 ni wọ́n sì kọ́ ọ, àmọ́ ó jóná ní 1592, wọn kò tún un kọ́ títí di 1867, Japan sì wó púpọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ lónìí, àtúnkọ́ ló pọ̀ jù. Ọjọ́ Ajé ni Changdeokgung ń ti ilẹ̀kùn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Gyeongbokgung àti Jongmyo. Tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ẹ̀yìn Changdeokgung yàtọ̀ sí ti ààfin, iye èèyàn tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan sì níwọ̀n. Nígbà tí ewé bá ń pọ́n, kíákíá ló ń tán.

Àmọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́ni bí a ṣe ń lo ọwọ́. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ láti ilé. Ìdajì tó kù ló ń gbéni ṣubú. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń fún àgbà ní nǹkan tàbí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan, kí òsì gbé e lábẹ́. Bí ẹ bá ń mu ọtí níwájú àgbà, ẹ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbà ló ń kọ́kọ́ gbé ṣíbí. Ẹ má gún igi ìjẹun ró nínú ìrẹsì, torí bẹ́ẹ̀ ni tùràrí ṣe ń dúró níwájú òkú.

Níbi ìsìnkú ni àṣìṣe ti ń dunni jù. Bí ẹ bá ń kí àgbà lọ́dún tuntun, ọkùnrin á fi ọwọ́ òsì lé ọ̀tún, obìnrin á fi ọ̀tún lé òsì; nílé òkú, ẹ yí i padà. Ẹ fi àbẹ́là tan tùràrí, ẹ má fẹnu fẹ́ iná rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ kú. Ìforíbalẹ̀ méjì ni fún òkú, ẹ̀yìn náà ẹ tún forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí àwọn ọmọ olóògbé, àwọn náà á sì dá a padà. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè lè gbé òdòdó funfun síwájú àwòrán, kó tẹrí ba, kó gbàdúrà jẹ́jẹ́. Ojú wọn ti mọ́ ọn. Owó inú àpòòwé funfun sábà máa ń jẹ́ 30,000, 50,000 tàbí 100,000 won (owó Kòríà), wọn kì í fi 40,000 síbẹ̀. Ẹ̀yìn àpòòwé, ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ni orúkọ yín ń gbé. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún yín: ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì ń mutí níbẹ̀, ẹ má kan ife mọ́ra.