Ẹ Bi Wá: Ǹjẹ́ sátẹ́láìtì lè jẹ́rìí sí ohun tí títì márosẹ̀ ṣe sí oko àti odò wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òdógbolú. Ní ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la títì kan gba ẹ̀yìn oko obì tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Owó tí wọ́n san kò kọjá ti àwọn igi tó bọ́ sójú títì gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa lókè odò wa ni omi odò náà ti ń pọ́n bí omi osùn nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀, omi tí kì í dúró nínú oko wa tẹ́lẹ̀ sì ti wá sọ ẹ̀gbẹ́ títì di ibùjókòó, tí igi obì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fẹjọ́ sùn, èsì tí wọ́n fún wa ni pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe wà látilẹ̀wá nìyẹn. Ọmọ ọmọ mi wá sọ pé sátẹ́láìtì ti ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pé kí a lọ wò ó. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwòrán bẹ́ẹ̀ lè bá wa pa ẹnu àwọn tó ń sẹ́ mọ́? — Ìyá Tíṣà, lẹ́bàá Òdógbolú.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ọmọ ọmọ yín kò parọ́. Ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní Landsat lọ sí òfuurufú, ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá, àwọn tó tẹ̀lé e sì ń ya ilẹ̀ ayé títí di òní. Láti ọdún 2008 ni àwòrán wọn ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ará Yúróòpù náà gbé sátẹ́láìtì Sentinel-2 kìíní lọ ní ọdún 2015 àti èkejì ní ọdún 2017, láti ìgbà náà sì ni irú wọn ti ń gba orí oko yín kọjá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí iṣẹ́ títì yín ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, ó túmọ̀ sí pé àwòrán bí oko náà ṣe rí kí katakata tó dé ibẹ̀ wà nílẹ̀, owó kò sì ní jáde lápò yín kí ẹ tó rí i.

Kí ẹ má baà retí ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwòrán náà ṣe tó. Landsat pín ilẹ̀ sí ìgun mẹ́rin mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 30, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ìgun kọ̀ọ̀kan sì ní. Pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí a ń tà lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò kún ọ̀kan nínú wọn. Ìgun kan gbé pílọ́ọ̀tì kan mì, ó tún ṣẹ́ku àyè bí ìdá mẹ́ta òmíràn, tó fi jẹ́ pé ilé, igi obì àti ilé ìdáná á pò pọ̀ di àwọ̀ kan. Ti Sentinel-2 dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mítà 10 ni ìhà rẹ̀: pílọ́ọ̀tì kan náà á gba nǹkan bí ìgun méje, éékà kan á sì gba nǹkan bí ogójì. Ẹ kò ní rí igi kan tó kú, ṣùgbọ́n bí igi bá kú lórí ìdajì éékà, á hàn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ewé tó ń ṣàárẹ̀ nìyí. Ewé tútù a máa gba ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́ra láti fi pèsè oúnjẹ rẹ̀, a sì máa ta ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú tiwa kò lè rí, padà sókè. Àwọn onímọ̀ á yọ iye pupa kúrò nínú iye infrared, wọ́n á sì fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó ṣẹ́kù. NDVI ni wọ́n ń pe èsì náà. Igbó dídí a máa tó 0.7 tàbí 0.8, ilẹ̀ tí wọ́n ti họ kì í sábà ju 0.2 lọ, ti omi a sì máa wà nísàlẹ̀ òdo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á mú àwòrán oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n á fi wé ti oṣù kejì, wọ́n á ní igbó ti parun, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló mú ewé rọ. Oṣù kìíní ni kí ẹ fi wé oṣù kìíní, ọdún lẹ́yìn ọdún. Ẹ má sì wá àwòrán oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án rárá, nítorí ìkùukùu kì í fẹ́ kúrò lórí Ìjẹ̀bú lásìkò náà, ẹ̀yìn ìkùukùu ni ẹ ó sì máa wò. Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ló dára jù, àfi pé eruku ọyẹ́ lè mú kí àwọ̀ ewé ṣì, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọmọ yín fi gbọ́dọ̀ mú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Level-2A, tí wọ́n ti fi ìṣirò yọ ipa afẹ́fẹ́ àti eruku kúrò nínú rẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tó lè pa ẹnu ẹni tó ń sẹ́ mọ́ ni oko kejì. Ẹ wá oko obì mìíràn ládùúgbò, tí igi rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín lọ́jọ́ orí, tó wà létí odò tí títì náà kò gbà kọjá. Bí oko méjèèjì bá jọ ń rẹ̀yìn láti ọdún 2018, ọ̀dá tàbí ogbó ló fà á, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pe títì lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá jọ ń rìn bákan náà títí di ọdún 2020, tí tiyín wá já wálẹ̀ nígbà tí ti ọ̀hún dúró, ẹni tó sọ pé bí ilẹ̀ ṣe wà látilẹ̀wá nìyẹn á ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Àléébù kan wà tí mi ò lè fi pamọ́ fún yín. Sátẹ́láìtì mọ ewé, kò mọ obì. Bí obì bá kú tí Akíntọ́lá-ta-kú bo ibẹ̀, àwòrán lè máa sọ pé gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. (Àwọn kan ń fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe ewé kan náà, ẹ̀yin ará Ìkẹ́nnẹ́, ẹ má bínú sí mi.) Ẹsẹ̀ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wọ oko láti ka igi, kó ya fọ́tò wọn, kó sì fi fóònù gba ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀.

Ní ti odò, ẹ má retí púpọ̀ láti òkè. Odò tí ènìyàn lè fò kọjá, tí igi tún da ewé bò, kò tó ohun tí Sentinel-2 lè rí. Ohun tí á hàn kedere ni kòtò tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀: ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, bó ṣe ń fẹ̀ sí i, àti bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ láìdí. Ẹ wá fi ìgò ṣe ìyókù. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ bu omi sínú ìgò funfun méjì, ọ̀kan lókè kòtò náà, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí wọn lára, ẹ gbé wọn kalẹ̀ di ọjọ́ kejì láìmì wọ́n. Bí ẹrẹ̀ tó sílẹ̀ nínú ti ìsàlẹ̀ bá nípọn ju ti òkè lọ dáadáa, ẹ ya àwọn méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan.

Omi tó ń dúró nínú oko ní tirẹ̀, ó dà bíi pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ gbé títì ga ló di ògiri sí i lọ́nà. Sentinel-1, tó ń lo rédà, ń ríran kọjá ìkùukùu àní nínú oṣù keje, omi tó tẹ́jú a sì máa dúdú nínú àwòrán rẹ̀, àmọ́ kì í rí omi tó wà lábẹ́ igi dídí. Nítorí náà, ẹ lọ wo ẹnu páìpù tí wọ́n rì sábẹ́ títì. Bí iyanrìn bá ti dí i dé ìdajì, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ga ju ojú ilẹ̀ oko lọ, a jẹ́ pé ẹ ti mọ ibi tí ẹjọ́ wà.

Òfin tó ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká ti wà láti ọdún 1992, ó sì kan títì márosẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Abẹ́òkúta, kí ẹ béèrè fún àbọ̀ àyẹ̀wò ti títì náà, pàápàá ohun tí wọ́n ṣèlérí nípa dídí kòtò yẹ̀pẹ̀ àti ojú ọ̀nà omi. Ẹ fi àwòrán ọdún kọ̀ọ̀kan, ti oko kejì àti fọ́tò ìgò yín pẹ̀lú ìwé náà.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ṣàgámù. Mo fẹ́ wọn igbó tí títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ jẹ lórí Google Earth. Ṣé kí n kàn fi gígùn títì sọ fífẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ojú títì ló kéré jù nínú ohun tí títì ń jẹ. Bí ọ̀nà bá ti dé, agégẹdú, agbóko àti àwọn onílẹ̀ tí kálámù ìwé ilẹ̀ títà kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn á tẹ̀lé e, ọ̀nà kéékèèké á sì máa yọ lára rẹ̀ bí eegun ẹja. Fa ìlà kìlómítà kan, méjì àti márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Google Earth dára fún fífi ojú rí nǹkan àti fún yíyí ọdún padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní infrared, ọjọ́ àwòrán rẹ̀ kì í sì í bára mu. Landsat ni kí o fi ṣe ìṣirò, kí o fi Google Earth yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá dé apá igbó ọba Omo, má ṣe ka oko kòkó tó ní igi ńlá lórí mọ́ igbó láìjẹ́ pé o dé ibẹ̀, nítorí láti òkè, àwọn méjèèjì jọra gidi gan-an.